Wọ́n hú koríko, wọ́n tẹ́ páìpù omi kíkán: kí ló dé tí igi ń gbẹ, tí owó omi kò sì wálẹ̀?

Ìbéèrè: Ilẹ̀ aṣálẹ̀ ni mo ń gbé. Mo gba ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọgbà pé kí wọ́n hú pápá koríko iwájú ilé mi kúrò, nítorí owó omi ti ń pọ̀ jù. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n gbin àwọn igi kúkúrú àti òdòdó tó lè fara da ọ̀dá, wọ́n sì tẹ́ páìpù omi kíkán, èyí tí ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sí ìdí ewéko, sábẹ́ òkúta. Ìgbà ooru kan kò tíì parí tí igi ńlá méjì tí mo bá nínú àgbàlá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí wá, tí etí ewé wọn sì ń jó bí ẹni pé iná rà á. Owó omi kò wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní ooru ló fà á, kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún aago ìbomirin lójoojúmọ́. Aládùúgbò mi ní ẹ̀tàn ni omi kíkán, kí n dá ẹ̀rọ afọ́nmi padà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Ṣé kí n san owó iṣẹ́ tó kù?

* * *

Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ bá igi méjèèjì nínú àgbàlá ni mo dì mú. Igi tó bá dàgbà láàárín pápá koríko, omi koríko ló ń mu láti kékeré. Gbòǹgbò rẹ̀ kò dúró sí ìdí rẹ̀. Ó ti tàn káàkiri abẹ́ koríko, ó sì ti kọjá ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé, nítorí pé gbogbo ibẹ̀ ni ẹ̀rọ afọ́nmi ń rin. Ọjọ́ tí wọ́n hú koríko náà ni wọ́n gba gbogbo omi yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ẹnu ìkánmi méjì, ìyẹn ẹnu kékeré tí omi ti ń kán jáde lára páìpù, sí ìdí igi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, wọ́n sì kọjá lọ. Nínú àwọn ọgbà tí wọ́n ń pè mí sí láti wá tún ṣe, èyí ni mo ń bá jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹnu ìkánmi tó wọ́pọ̀ máa ń tú lítà 2, lítà 4 tàbí lítà 8 jáde ní wákàtí kan. Ká ní tiyín jẹ́ onílítà 4, tí aago sì ń ṣí i fún ìṣẹ́jú 15 láràárọ̀: lítà kan péré ni ẹnu kọ̀ọ̀kan mú wá, lítà méjì fún igi tó ga ju òrùlé lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n ní kí ẹ fi kún un yóò sọ ọ́ di lítà mẹ́ta ó lé díẹ̀. Omi tó kéré bẹ́ẹ̀ kò ní í wọlẹ̀ jìnnà kí oòrùn tó fà á padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹnu ìkánmi onílítà 4 mẹ́jọ yí igi náà ká, àwọn kan lábẹ́ etí ìbòòji rẹ̀, àwọn kan ní ìta rẹ̀ díẹ̀, tí ẹ sì ṣí wọn fún wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, lítà 128 ni igi gbà, omi náà yóò sì dé ibi tí oòrùn kò lè yára fà á. Fún igi tí kò tóbi púpọ̀, ọjọ́ mélòó kan yóò kọjá kí ó tó nílò òmíràn. Fún igi ńlá, mẹ́jọ pàápàá kò tó, ẹ ó ní láti fi kún un.

Àwọn tó mọṣẹ́ yìí ní Arizona, ìpínlẹ̀ aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní òdiwọ̀n kan tó rọrùn: kí omi wọlẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà fún òdòdó àti ewéko tó ń fà nílẹ̀, 60 fún igi kúkúrú, 90 fún igi ńlá. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti mọ̀ bóyá ó dé ibẹ̀. Ẹ wá ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kì í bọ ilẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí ẹ bu omi. Níbi tí ilẹ̀ ti rin, ọ̀pá yóò máa wọlé láìjanpata. Níbi tí gbígbẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò dúró gbagidi. Ibi tó dúró sí ni kí ẹ wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ìka mẹ́rin péré ló wọlé ní ìdí igi yín, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó fi hàn ilé iṣẹ́ náà.

* * *

Àwọn mélòó kan tó ka ìbéèrè yìí ti kọ̀wé sí mi, wọ́n gbè sẹ́yìn aládùúgbò tó ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ afọ́nmi padà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú ń rí omi ẹ̀rọ afọ́nmi, ilẹ̀ sì ń rin kárí, nígbà tí omi kíkán fara pamọ́ sábẹ́ òkúta, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ yẹn, n kò ní í bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní aṣálẹ̀. Omi tí ẹ bá fọ́n sókè lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ yóò gbé apá kan lọ sí ojú títì, oòrùn yóò gba tirẹ̀, èyí tó bá sì bà lé ewé yóò fi iyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Koríko lè fara da ìyẹn. Igi púpọ̀ kò lè fara dà á.

Ibi tí èmi pẹ̀lú ti yapa sí àwọn tó ń polówó omi kíkán bí oògùn gbogbo-ǹ-ṣe ni pé inú oko ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Simcha Blass, àti àwọn ará abúlé àgbẹ̀ Hatzerim ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ Netafim sílẹ̀ ní 1965, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ náà fún àwọn àgbẹ̀. Nínú oko, ohun ọ̀gbìn tò ní ìlà, wọ́n jọ ga bákan náà, wọ́n sì jọ ń mu omi bákan náà. Nínú àgbàlá ilé, igi ńlá, agave (ewéko aṣálẹ̀ tí kì í fẹ́ omi púpọ̀), òdòdó róòsì àti igi ọsàn lè wà láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra wọn. Bí ilé iṣẹ́ bá so gbogbo wọn mọ́ fáàfù kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tí ń ṣí omi tí ó sì ń tì í, nítorí pé wọn kò fẹ́ náwó sí fáàfù kejì, kò sí iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè tẹ̀ sínú aago tí yóò tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Ìṣẹ́jú tó tó fún igi yóò jẹ́ kí agave rà; èyí tó tó fún agave yóò pa igi.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùpolówó kì í sọ. Ẹnu ìkánmi kò lè rìn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ń rìn. Igi tí wọ́n gbìn lónìí, ẹnu ìkánmi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fún un. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, gbòǹgbò tó ń fa omi ti lọ síta, ẹnu méjèèjì sì wà níbi tí wọ́n wà, wọ́n ń da omi sí èèpo igi lára. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa sún wọn síta, kí ó sì máa fi kún wọn. Ta ni? Ẹ wo ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí, bóyá ó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí owó omi, nítorí ìyẹn gan-an ló mú kí ẹ hú koríko.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ lọ sí ìdí mítà omi lálẹ́, nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé wà ní títì, tí aago ìbomirin kò sì ṣí fáàfù kankan. Ẹ wo ọwọ́ kékeré tó wà lójú mítà náà. Bí ó bá ń yí, omi ń jò níbì kan, kò sì kan igi rárá. Bí kò bá yí, ẹ ṣí àwọn fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ka iye lítà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ká sọ pé ogójì ẹnu ìkánmi onílítà 4 ló wà lórí fáàfù kan: lítà 160 ni gbogbo wọn ń mu ní wákàtí kan, ìyẹn kò sì tó lítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Bí mítà bá ń fi hàn pé lítà mẹ́jọ ń kọjá, ẹ gbé ṣọ́bìrì.

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti já kúrò lára páìpù ńlá ni ẹ ó sábà bá lábẹ́ òkúta. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára omi tó ń wọ inú ilé sábà máa ń tó 4 tàbí 5 bar (òdiwọ̀n tí a fi ń wọn agbára omi), bẹ́ẹ̀ ni omi kíkán kò fẹ́ ju nǹkan bí 2 bar lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń dín agbára omi kù, ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn fáàfù, kí asẹ́ sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ ṣí àpótí fáàfù kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Mo ti ṣí àpótí fáàfù tí wọ́n fi páìpù lásán dí àyè tó yẹ kí asẹ́ wà, nínú ọgbà tí onílé ti pààrọ̀ ẹnu ìkánmi léraléra nítorí pé iyanrìn ń dí wọn. Ehoro pàápàá máa ń jẹ páìpù nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ihò ni a lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n asẹ́ tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀bi wọn ni.

Ohun mìíràn tó ń gbé owó omi sókè ni aago tí wọ́n tò fún ìgbà ooru tí ẹnikẹ́ni kò tún padà sí ìdí rẹ̀. Nígbà òtútù, omi tí igi nílò lè má ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìgbà ooru lọ. Aago ìgbàlódé tí ń tẹ̀ lé ojú ọjọ́ máa ń ṣèrànwọ́, bí wọ́n bá sọ irú ilẹ̀, irú ewéko àti iye lítà ẹnu ìkánmi fún un. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá, àbá lásán ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọgbà yín.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé pé kí a tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ òkúta kí èpò má baà hù: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀rá tí kò ní ihò kò jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ wọlẹ̀, gbòǹgbò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lókè lábẹ́ ọ̀rá náà. Erùpẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá yóò kó jọ sáàárín òkúta, orí rẹ̀ ni èpò yóò sì hù sí, ọ̀rá wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Òkúta tó nípọn díẹ̀ láìsí ọ̀rá, tí ẹ sì ń fa èpò tu nígbà tó ṣì kéré, tó.

* * *

Etí ewé tó ń jó kò wá láti inú ọ̀dá nìkan. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì rò pé òun ni ilé iṣẹ́ yín kò mọ̀ tàbí tí wọn kò fẹ́ sọ.

Omi odò Colorado ní Amẹ́ríkà, tí Las Vegas, Phoenix àti apá kan gúúsù California ń lò, sábà máa ń ní ju 500 mílígírámù iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn tó ti yòrò nínú lítà kan. Ẹni tó bá bu 1,000 lítà irú omi bẹ́ẹ̀ sí ìdí igi ti bu ìdajì kílógírámù iyọ̀ sí i. Igi ń mu omi, ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ń bu omi lójoojúmọ́, iyọ̀ náà kò ní ibi tí yóò lọ. Àárín gbòǹgbò gan-an ni yóò máa kó jọ sí, títí ewé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti etí. Ẹ ká òkúta kúrò ní ìdí ẹnu ìkánmi kan, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí òrùka funfun yí ibi tó rin ká. Òun náà nìyẹn. Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń tì í lọ sísàlẹ̀ kọjá gbòǹgbò, ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ fi lè mú kí igi yín tètè kú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu: bí òjò wẹliwẹli bá rọ̀, ẹ má pa omi kíkán. Òjò tí kò tó nǹkan máa ń yọ́ iyọ̀ tó wà lórí ilẹ̀, á sì gbé e padà sí ìdí gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí omi kíkán máa ṣiṣẹ́ lọ kí ó lè tì í síta. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí pé omi rí ọ̀nà gbà lọ sísàlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ aṣálẹ̀, ìpele funfun kan wà nínú ilẹ̀ tó le bíi kọnkéré, caliche ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó gbin ohunkóhun, ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kòtò, kí wọ́n bu omi kún un, kí wọ́n sì padà wá wò ó. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ ìpele náà já tàbí kí wọ́n gbin igi sí ibòmíràn. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun kò ní àyè fún ìdánwò ọjọ́ kan, ẹ fi í sílẹ̀.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé ṣé kò ní í sàn kí a má gbin igi rárá, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òkúta. Àwọn tó ń sanwó fún híhú koríko pàápàá kò gbà bẹ́ẹ̀. Àjọ omi gúúsù Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, tó ń san owó fún àwọn onílé tó bá hú koríko wọn, ń béèrè pé kí ewéko tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lè bo ó kéré tán ìdajì ilẹ̀ náà nígbà tó bá dàgbà. Ìṣirò wọn ni pé mítà onígun mẹ́rin kan tí a yí padà kúrò ní koríko ń fi omi tó tó 2,200 lítà pamọ́ lọ́dún, pẹ̀lú ewéko lórí rẹ̀. Òkúta tí kò ní ìbòòji máa ń gba ooru lọ́sàn-án, á sì máa tú u jáde sí ara ògiri yín lóru. Ẹni tó yọ igi kúrò láti dín owó omi kù yóò san án fún ẹ̀rọ amúlétutù.

Òfin lórí koríko tí àwọn kan tó kọ̀wé ń dárúkọ, èyí tí Nevada ṣe ní 2021, kò kan koríko àgbàlá ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Koríko ojú pópó, ti ilé iṣẹ́ àti irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ni ó kàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2027 ni a kò sì ní í lè fi omi odò Colorado rin ín mọ́.

Ní ti koríko oníke, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sán gangan kí ẹ tó rà á.

* * *

Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ńkọ́? Ibi tí ẹ wà ló máa pinnu. Arizona gba onílé láyè láti fi omi bẹ́ẹ̀ rin ọgbà láìgba ìwé àṣẹ, bí kò bá ti tó 400 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí 1,500 lítà, tí wọ́n sì tẹ̀ lé ìlànà tó wà fún un. Ní agbègbè Las Vegas, òfin kò gbà á láyè, nítorí pé omi tó bá gba inú ilé jáde ni wọ́n ń fọ̀ mọ́ tí wọ́n sì ń dá padà sí adágún Mead, níbi tí ìlú náà ti ń fa omi; èyí tí ẹ bá dà sí ìdí igi ti bọ́ kúrò nínú ìyípo yẹn. Àwọn tó ń pariwo pé ìwà àìmọ̀kan ni òfin náà kò rò ó débẹ̀.

* * *

Mo rí i pé àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ń kọ̀wé kò tíì tán, lórí bóyá omi díẹ̀ lójoojúmọ́ ló dára jù tàbí omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àwọn tó ti ń gbé aṣálẹ̀ kí aago ìbomirin tó dé. Ní Oman, ojú omi tí wọ́n ń pè ní aflaj, tí UNESCO fi márùn-ún nínú wọn sí àkójọ ogún àgbáyé ní 2006, ń pín omi fún oko ní àsìkò àsìkò. Nígbà tó bá kan oko kan, omi yóò bo ìdí igi dàbínù dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó di ìgbà tó bá tún kàn án. Abẹ́ ìbòòji dàbínù ni wọ́n ń gbin igi eléso sí, wọ́n á sì gbin ohun ọ̀gbìn tó kúrú sábẹ́ ìyẹn. Ìbòòji náà pẹ̀lú jẹ́ ara ètò omi.

Ẹni tó ń gbé níbi tí ìjì líle ti ń bá òjò ìgbà ooru wọ̀lú, bíi gúúsù Arizona, ní ìdí kejì láti yẹra fún omi díẹ̀díẹ̀. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè ni ìjì kọ́kọ́ ń wó, pàápàá èyí tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó gírígírí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín, tí kò fi kọ́ bí a ṣe ń dá dúró.

* * *

Owó tó kù wàyí, ẹ̀yin tí ẹ béèrè. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kí wọ́n wá wọn agbára omi lójú yín, kí wọ́n fi asẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń dín agbára omi kù hàn yín, kí wọ́n ya igi ńlá méjèèjì sọ́tọ̀ sórí fáàfù tiwọn, kí wọ́n sì fi ẹnu ìkánmi yí wọn ká láti etí ìbòòji síta. Kí wọ́n fún yín ní àwòrán ibi tí páìpù gbà, nítorí pé ọjọ́ kan ni ẹlòmíràn yóò gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ètò aago ti ìgbà ooru àti ti ìgbà òtútù sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má dúró dè wọ́n kí ẹ tó bomi fún igi. Ẹ gbé rọ́bà omi sí abẹ́ etí ìbòòji, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ máa sún un yí ká títí ọ̀pá irin yóò fi wọlé tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má gé ẹ̀ka tó dà bíi pé ó gbẹ nínú ooru yìí, nítorí pé òun ló ń ṣíji bo èèpo igi kí oòrùn má jó o. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan: bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ náà bá kọ̀ láti ya fáàfù igi sọ́tọ̀, ẹ béèrè iye tí ẹlòmíràn yóò gbà fún ìyẹn nìkan, kí ẹ sì ka ìwé àdéhùn yín dáadáa bóyá ó fàyè gbà yín láti yọ ọ́ kúrò nínú owó tó kù. Bí kò bá fàyè gbà á, ẹ san ti fáàfù náà fúnra yín ná, kí ẹ máa bá wọn fa ọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn rẹ̀. Igi kò ní í dúró de ìdájọ́.